Ọ́dítọ̀ abẹ́lé ní káńsù: ṣé kí n lu òǹtẹ̀ sórí fọ́ṣà tí owó rẹ̀ ti jáde?

Ìbéèrè

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n. Ẹ̀ka ìṣirò owó ni mo wà tẹ́lẹ̀. Àjọ tó ń rí sí òṣìṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé mi lọ sí ọ́dítì abẹ́lé ní káńsù mìíràn. Ohun tí mo bá níbẹ̀ ni pé wọ́n á ti sanwó tán, lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì ni wọ́n á wá kó fọ́ṣà, ìyẹn ìwé tí a fi ń sanwó, wá sórí tábìlì mi pé kí n lu òǹtẹ̀ “a ti yẹ̀ ẹ́ wò” sí i. Tí mo bá béèrè ìwé tó yẹ kó wà lẹ́yìn rẹ̀, wọ́n á ní ẹni tó wà níbẹ̀ ṣáájú mi kì í da ẹnikẹ́ni láàmú. Trẹ́ṣúrà, ẹni tó ń tọ́jú owó káńsù, ti pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ní alága lè dá mi padà sí àjọ bí mo bá ń dá owó dúró. Ṣé kí n lu òǹtẹ̀ yìí? Bí n kò bá lù ú, kí ni kí n ṣe? Kí tiẹ̀ ni ìwúlò ọ́dítọ̀ abẹ́lé ní káńsù, nígbà tó jẹ́ pé ẹni tí mò ń yẹ ìwé rẹ̀ wò ni ọ̀gá mi?

* * *

Àbúrò mi, má lù ú. Àlàyé tó wà nídìí rẹ̀ gùn, ṣùgbọ́n ibi tí mo dúró sí nìyẹn, mo sì fẹ́ kí o mọ̀ ọ́n kí o tó ka ìyókù.

Òǹtẹ̀ tí wọ́n ń béèrè lọ́wọ́ rẹ ń jẹ́rìí pé owó náà wà nínú ètò ìṣúná, pé fóòtù (iye tí ètò ìṣúná yà sọ́tọ̀ fún irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀) tí wọ́n fẹ́ yọ ọ́ nínú rẹ̀ kò tíì tán, pé ẹni tó láṣẹ ló fọwọ́ sí i, àti pé iṣẹ́ tàbí ọjà tí wọ́n ń sanwó fún ti wọlé lóòótọ́. Ó tún ń jẹ́rìí sí ohun kan tí ọ̀pọ̀ ń gbójú fò: pé o rí gbogbo èyí kí owó tó kúrò ní báńkì. Bí owó bá ti jáde, tí o wá lu òǹtẹ̀, tí o sì kọ ọjọ́ tó ti kọjá sí i, irọ́ ni o kọ sórí ìwé ìjọba. Lọ́jọ́ tí àwọn òṣìṣẹ́ Ọ́dítọ̀ Àgbà fún àwọn ìjọba ìbílẹ̀ bá dé, trẹ́ṣúrà á ní ọ́dítì ti yẹ̀ ẹ́ wò kí òun tó san án. Òǹtẹ̀ rẹ á sì gbè é lẹ́yìn.

Ohun tí mo máa ń ṣe nìyí. Mo ní ìwé ńlá kan tí mo fi nọ́ḿbà sí gbogbo ojú rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má bàa lè fa ewé kan ya. Fọ́ṣà tó bá dé ọ̀dọ̀ mi, mo máa kọ nọ́ḿbà rẹ̀ síbẹ̀, orúkọ ẹni tó gba owó, iye rẹ̀, ọjọ́ tó dé ọ̀dọ̀ mi, àti ọjọ́ tí owó náà jáde gẹ́gẹ́ bí ìwé báńkì ṣe sọ. Ọjọ́ méjèèjì yìí ni ọ̀rọ̀ wà. Lẹ́yìn náà, mo máa fi báírò kọ ọ́ sórí fọ́ṣà fúnra rẹ̀ pé: “Owó yìí ti jáde ní ọjọ́ báyìí kí ìwé rẹ̀ tó dé ọ́dítì.” Mo fọwọ́ sí i, mo kọ ọjọ́ òní, mo dá a padà. N kò lu òǹtẹ̀ kankan, n kò sì bá ẹnikẹ́ni jà. Bí oṣù bá parí, mo kọ ìwé ojú kan péré sí alága láti ọwọ́ ọ̀gá àgbà òṣìṣẹ́ tí a ń pè ní HLA, mo to àwọn fọ́ṣà náà sínú rẹ̀, mo sì fi ẹ̀dà kan pamọ́ sọ́dọ̀ mi.

O ò dá owó kankan dúró báyìí, nítorí owó ti lọ. Ẹni tó bá fẹ́ fi ẹ̀sùn ìdènà iṣẹ́ kàn ọ́ kò rí ibi tí yóò gbé e kà.

* * *

Ìmọ̀ràn méjì ni àwọn ènìyàn sábà máa ń fún ẹni tó bá wà nípò rẹ, méjèèjì ni kò sì tẹ́ mi lọ́rùn.

Àwọn kan á ní kí o lu òǹtẹ̀ kí o sì jẹun. Wọ́n á fi òwe tì í lẹ́yìn pé bí ọwọ́ ẹni kò bá tíì tẹ èèkù idà, a kì í béèrè ikú tó pa baba ẹni. Mo mọ ohun tó ń mú wọn sọ bẹ́ẹ̀. Wọ́n ti rí ẹni tí wọ́n gbé lọ sí káńsù tó jìnnà sí ìyàwó àti ọmọ rẹ̀ nítorí kúẹ́rì kan ṣoṣo, ìyẹn ìwé tí ọ́dítọ̀ fi ń béèrè àlàyé. Ṣùgbọ́n ọ́dítọ̀ ní èèkù idà lọ́wọ́: ìwé tó ní ọjọ́ àti ìfọwọ́sí ni. Alága ń wá, alága ń lọ. Ìwé tí o kọ lónìí á ṣì wà nínú fáìlì nígbà tí òun bá ti kúrò lórí oyè, ìgbà náà gan-an sì ni àwọn oníwàádìí máa ń dé.

Àwọn kejì á ní kí o kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, kí o sáré lọ bá EFCC. Sùúrù díẹ̀. Púpọ̀ nínú àwọn fọ́ṣà tó ń pẹ́ dé kì í ṣe olè. Òjò rọ̀, afárá kékeré wó lórí ọ̀nà oko, ènìyàn kan ti ṣubú síbẹ̀, alága ní kí wọ́n wá gírédà lọ́jọ́ náà gan-an, owó jáde, ìwé tẹ̀lé e. Àṣìṣe ètò nìyẹn. Owó imprest, owó díẹ̀ tí wọ́n ń fi sọ́wọ́ òṣìṣẹ́, wà fún nǹkan kéékèèké, àṣẹ pàjáwìrì sì ṣeé kọ sórí ìwé kan kí wọ́n tó sanwó. Bí o bá pe gbogbo rẹ̀ ní olè, ọjọ́ tí o bá rí olè gidi kò sẹ́ni tí yóò gbọ́ tìrẹ.

Ohun tó yẹ kí o ṣe ni kí o tò wọ́n jọ. Bí oṣù mẹ́ta bá kọjá, ṣí ìwé ńlá yẹn kí o wo ẹ̀ka tí fọ́ṣà rẹ̀ máa ń pẹ́ jù, ẹni tí orúkọ rẹ̀ ń jáde léraléra, àti iye tó máa ń wà lórí wọn. Nígbà tí NFIU, àjọ tó ń ṣọ́ ìrìn owó ní Nàìjíríà, gbé òfin jáde pé láti 1 Oṣù Kẹfà 2019, owó tí wọ́n lè gbà lówó lásán nínú àkáǹtì ìjọba ìbílẹ̀ kò gbọdọ̀ ju ₦500,000 lọ lóòjọ́, ohun tí mo rí ni pé àwọn fọ́ṣà tí iye wọn kò ju ìyẹn lọ bẹ̀rẹ̀ sí í pọ̀ sí i. Iṣẹ́ kan ṣoṣo ni wọ́n pín sí wẹ́wẹ́, orúkọ òṣìṣẹ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Fọ́ṣà kọ̀ọ̀kan mọ́ tónítóní. Ìgbà tí mo tò wọ́n pọ̀ ni mo tó rí ohun tó wà nídìí rẹ̀.

* * *

Ẹnìkan béèrè bóyá ó tiẹ̀ yẹ kí ọ́dítọ̀ abẹ́lé máa yẹ fọ́ṣà wò kí owó tó jáde. Àríyànjiyàn tó ti pẹ́ láàárín àwa tí a ṣe iṣẹ́ náà nìyẹn.

Àwọn tó ń tẹ̀lé ìlànà Institute of Internal Auditors (ẹgbẹ́ àwọn ọ́dítọ̀ abẹ́lé lágbàáyé), èyí tí àtúnṣe tuntun rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 9 Oṣù Kìíní 2025, kọ̀ ọ́. Wọ́n ní ẹni tó bá lu òǹtẹ̀ kí owó tó jáde ti di ara àwọn tó san án, kò sì lè padà wá ṣe onídàájọ́ lórí iṣẹ́ ọwọ́ ara rẹ̀. Òótọ́ ni. Àwa tí a dàgbà sínú Financial Memoranda, ìwé ìlànà FM ti 1991 tí wọ́n fi ń tọ́jú owó káńsù, a ń sọ pé bí ọ́dítọ̀ bá yọ ọwọ́ kúrò, kò sẹ́lòmíì nínú káńsù tí yóò béèrè ìwé kí owó tó lọ. Òótọ́ nìyẹn náà. Ní ọ̀pọ̀ káńsù wa, ènìyàn tó mọ̀ nípa ìwé owó kò pọ̀. Bí o bá mú ọ́dítọ̀ kúrò, ẹni tó kọ fọ́ṣà, ẹni tó kọ ọ́ sínú ìwé fóòtù, àti ẹni tó san án lè jẹ́ ọmọ ọ́fíìsì kan náà.

Èmi fara mọ́ kí àyẹ̀wò kí owó tó jáde ṣì wà. Ohun tí n kò fara mọ́ ni kó jẹ́ gbogbo iṣẹ́ ọ́dítọ̀. Mo ti rí ọ́fíìsì ọ́dítì tí òṣìṣẹ́ kan kì í dìde lórí àga láti Ọjọ́ Ajé títí di Ọjọ́ Ẹtì, òǹtẹ̀ ṣáá ni. Nígbà tí wọ́n jókòó síbẹ̀, kò sẹ́ni tó lọ sí ọjà, kò sẹ́ni tó wọ sítọ̀, kò sẹ́ni tó wo ìwé owó oṣù. Ẹni tó mọ iṣẹ́ olè dáadáa, ìwé rẹ̀ máa ń pé: LPO, ìwé àṣẹ ọjà rírà, á wà níbẹ̀, ìwé tí sítọ̀ fi gba ọjà wọlé á wà níbẹ̀, risíìtì náà á wà. Ọjà nìkan ni kò ní sí. Àfi kí o dìde lọ wò ó.

* * *

Ẹ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ lórí ọjà, nítorí ibẹ̀ ni ọkàn mi wà.

Àfikún kẹrin nínú ìwé òfin 1999 fi ọjà, gáráàjì, odò ẹran, ibi ìsìnkú àti owó orí ilé sí ọwọ́ ìjọba ìbílẹ̀. Owó tí a ń pa lábẹ́lé nìyẹn. Ó kéré lẹ́gbẹ̀ẹ́ owó tó ń ti Àbújá wá, ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ alága kì í fi náání rẹ̀. Àmọ́ òun nìkan ni owó tí àwọn ará ìlú ń fi ọwọ́ ara wọn san fún káńsù, lójoojúmọ́, lójú gbangba.

Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí owó ọjà ṣe ń sọnù, kó kọ́kọ́ lọ sí sítọ̀ tí wọ́n ń kó ìwé tíkẹ́ẹ̀tì sí. Ta ló tẹ̀ ẹ́? Ìwé mélòó ló wọlé, láti nọ́ḿbà wo dé nọ́ḿbà wo? Ta ni wọ́n fún, ọjọ́ wo? Ìdajì tó kù lára ìwé tó lò tán dà? Níbi tí mo ti ṣiṣẹ́, ìyá kan tó ń ta ata fi àwọn tíkẹ́ẹ̀tì tó ti ń gbà láti ọ̀sẹ̀ mélòó kan hàn mí. Nọ́ḿbà kan náà ló wà lára méjì nínú wọn. Ẹnìkan ti lọ tẹ ìwé tirẹ̀ níta. Trẹ́ṣúrà kò mọ̀, alága kò mọ̀, fọ́ṣà kankan kò sì lè fi í hàn, nítorí owó tí kò wọlé kì í ní fọ́ṣà.

Ìdánwò tó rọrùn jù lọ: lọ́jọ́ ọjà, lọ ka ìsọ̀ tó ṣí. Sọ ọ́ di ìlọ́po owó tí wọ́n ń gbà lórí ìsọ̀ kọ̀ọ̀kan. Wá wo iye tí agbowó san sí báńkì lọ́jọ́ náà tàbí lọ́jọ́ kejì. Kò ní dọ́gba pátápátá, àwọn kan á bẹ̀bẹ̀ pé àwọn kò tíì tajà, òjò á lé àwọn kan lọ sílé. Ṣùgbọ́n bí o bá ka igba ìsọ̀ tí owó ogójì wọlé, o ti ní ìbéèrè tí o máa gbé lọ bá HLA.

Níbi tí káńsù bá ti gbé owó gbígbà fún agbaṣẹ́ṣe, béèrè ìwé àdéhùn. Ìdá mélòó ló ń mú? Ṣé lórí gbogbo owó tó gbà ni, àbí lórí èyí tó bá ti jíṣẹ́ rẹ̀ fún káńsù? Àkáǹtì ta ni àwọn oníṣòwò ń san án sí? Mo ti rí i tí gbogbo rẹ̀ ń lọ sí àkáǹtì agbaṣẹ́ṣe, tí òun á wá gé ti káńsù fún un bó ṣe wù ú. Ní irú ibẹ̀, káńsù ni oníbàárà, agbaṣẹ́ṣe ni ìjọba.

* * *

Lórí owó oṣù: ẹ dákun, ẹ yé to òṣìṣẹ́ sórí pápá.

Ní gbogbo ìgbà tí ariwo ayédèrú òṣìṣẹ́ bá ta, ohun tí ìjọba máa ń ṣe ni pé kí gbogbo ènìyàn wá pẹ̀lú ìwé ẹ̀rí. Àwọn àgbà tó ti fẹ̀yìn tì á wá nínú oòrùn, àwọn mìíràn á ṣubú. Ẹni tó ní ayédèrú orúkọ á ti rán ẹlòmíràn wá dúró fún un. Bí ètò náà bá parí, wọ́n á kéde pé àwọn ti rí ayédèrú. Kí ọdún tó yí po, orúkọ á tún ti wọlé.

Ohun tó ń ṣiṣẹ́ kò ní ariwo. Gbé ìwé owó oṣù méjì tó tẹ̀ léra wọn síwájú ara rẹ. Ta ló wọlé tí kò sí níbẹ̀ lóṣù tó kọjá? Lẹ́tà ìgbanisíṣẹ́ tàbí ìgbénilọ rẹ̀ dà? Ta ló yẹ kó ti kúrò, tó ṣì wà níbẹ̀? Nítorí pé àjọ ló ń gbé òṣìṣẹ́ láti káńsù kan sí òmíràn, orúkọ ẹnìkan lè wà ní káńsù tuntun kó sì má tíì kúrò ní ti tẹ́lẹ̀. Nígbà mìíràn òun fúnra rẹ̀ kò mọ̀, ẹlòmíì ló ń gba ti àkọ́kọ́. Wo nọ́ḿbà àkáǹtì pẹ̀lú: bí orúkọ méjì bá ń gba owó sí àkáǹtì kan, àlàyé gbọ́dọ̀ wà. Kí o sì bá àwọn olórí ẹ̀ka sọ̀rọ̀, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan fọwọ́ sí orúkọ àwọn tó wà lábẹ́ rẹ̀ lóṣooṣù. Ẹni tó bá fọwọ́ sí orúkọ òkú ti dá ara rẹ̀ lẹ́bi. Ọ́dítọ̀ kan tó mọ ohun tó ń ṣe lè wo gbogbo èyí láàárín ọjọ́ díẹ̀ láìsí oòrùn lórí ẹnikẹ́ni.

* * *

Ọ̀kan nínú yín kọ ọ́ pé nǹkan báyìí kì í ṣẹlẹ̀ lókè òkun nítorí pé ìwé wọn pé. N kò gbà.

Ìlú kékeré kan wà ní ìpínlẹ̀ Illinois ní Amẹ́ríkà, Dixon ni wọ́n ń pè é, àwọn olùgbé rẹ̀ kò tó 16,000. Rita Crundwell ni obìnrin tó ń bójú tó owó ìlú náà. Ní Oṣù Kejìlá 1990 ó ṣí àkáǹtì kan ní orúkọ ìlú, òun nìkan ló ń lò ó. Ó ń kọ ayédèrú ìwé gbèsè bíi pé ìjọba ìpínlẹ̀ ló ń béèrè owó, ó sì ń darí owó náà síbẹ̀. Nígbà tí àṣírí tú ní 2012, ó ti jí $53.7 mílíọ̀nù. Ó ń ra ẹṣin, ó sì di gbajúmọ̀ láàárín àwọn tó ń sin ẹṣin ní gbogbo Amẹ́ríkà, nígbà tí ìlú kò rówó tún ọ̀nà ṣe. Lọ́dọọdún ni àwọn ọ́dítọ̀ ìta ń wá, lọ́dọọdún ni wọ́n ń fọwọ́ sí ìwé.

Ìsinmi ló tú àṣírí rẹ̀. Ó gba ìsinmi gígùn ní 2011, akọ̀wé ìlú dípò rẹ̀, ó béèrè gbogbo ìwé báńkì, ó sì rí àkáǹtì tí kò mọ̀ rí. Ó gbé e lọ fún olórí ìlú, ìyẹn gbé e lọ fún FBI. Wọ́n ju Crundwell sẹ́wọ̀n ọdún 19 àti oṣù 7 ní Oṣù Kejì 2013.

Ohun tí mo fẹ́ kí àbúrò mi mú níbẹ̀ ni pé ẹnìkan ṣoṣo ló ń gba lẹ́tà, tó ń kọ ìwé owó, tó ń buwọ́ lu ṣẹ́ẹ̀kì, tó sì ń fi ìwé báńkì wé ti ọ́fíìsì. Wo káńsù rẹ. Ta ni kì í gba ìsinmi? Ta ni wọ́n máa ń sọ pé bí kò bá sí, iṣẹ́ ò lè lọ? Bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀. Kó má ṣe dà bí ẹ̀sùn, bẹ HLA pé kí gbogbo òṣìṣẹ́ tó ń fọwọ́ kan owó máa gba ìsinmi ọdọọdún wọn pátá, kí ẹlòmíì sì jókòó sórí àga wọn títí wọn óò fi dé.

* * *

Ẹni tó béèrè tún kọ̀wé:

“Ẹ ṣeun, ẹ̀gbọ́n. Ṣùgbọ́n ẹ kò tíì dá mi lóhùn lórí ọ̀gá. Mo tún fẹ́ mọ̀: owó tí wọ́n ń gé kí ó tó dé káńsù ńkọ́? Èyí tó ń dé ọ̀dọ̀ wa kò ju owó oṣù lọ.”

Ó dáa. Ìkejì ni kí n kọ́kọ́ mú.

Abala 162 nínú ìwé òfin ló dá àkáǹtì àjùmọ̀ní sílẹ̀ láàárín ìpínlẹ̀ àti àwọn ìjọba ìbílẹ̀ rẹ̀. Ìgbìmọ̀ tí a ń pè ní JAAC máa ń jókòó lóṣooṣù. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń yọ owó oṣù olùkọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, owó àwọn tó fẹ̀yìn tì, owó àwọn ọba, àti àwọn iṣẹ́ àjùmọ̀ṣe tí ìpínlẹ̀ bá dárúkọ. Ohun tó bá kù ni káńsù ń rí. Ọ́dítọ̀ abẹ́lé kò sí ní yàrá yẹn. Àwọn kan wá ń sọ pé kí wá ni ó fẹ́ ṣọ́?

Ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Nàìjíríà dájọ́ ní 11 Oṣù Keje 2024 pé ìpínlẹ̀ kò láṣẹ láti di owó ìjọba ìbílẹ̀ mú tàbí láti ná an fún wọn, pé kí owó náà máa lọ tààrà sọ́dọ̀ wọn, àti pé káńsù tí aráàlú kò dìbò yàn kò bá òfin mu. Adájọ́ Emmanuel Agim ló ka ìdájọ́ náà. Ayọ̀ pọ̀ lọ́jọ́ náà. Èmi náà yọ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀rù bà mí. Bí ìjọba ìbílẹ̀ 774 bá ń gba owó wọn tààrà, kò ní sí JAAC tí a óò máa dá lẹ́bi mọ́. Káńsù tí kò lè sọ iye ìsọ̀ tó wà nínú ọjà rẹ̀, báwo ni yóò ṣe tọ́jú gbogbo ìpín rẹ̀? Àwọn tó ń jà fún òmìnira owó káńsù, n kò tíì gbọ́ kí wọ́n fi agbára kan náà jà fún ọ́fíìsì ọ́dítì tó lè dúró.

Ní báyìí ná, bí owó bá ti ọ̀dọ̀ JAAC wá, béèrè ìwé tó fi ohun tí wọ́n yọ hàn. Trẹ́ṣúrà ní í lọ́wọ́. Fi owó olùkọ́ tí wọ́n yọ wé iye olùkọ́ tó wà ní àwọn ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ yín. Fi iṣẹ́ àjùmọ̀ṣe tí wọ́n yọ owó fún wé ohun tó wà lórí ilẹ̀: bí wọ́n bá ní àwọn kọ́ ilé ìwòsàn kékeré sí abúlé kan, lọ wò ó. O kò ní agbára láti dá a dúró. O ní ẹ̀tọ́ láti kọ ọ́ pé o lọ síbẹ̀, o kò rí i.

Nípa ọ̀gá: èyí ló ń dùn mí jù. Àjọ ló gbé ọ lọ síbẹ̀, alága kò gbà ọ́ síṣẹ́, ṣùgbọ́n ọkọ̀ tí o fẹ́ gùn lọ sí ọjà, ìwé tí o fẹ́ tẹ̀, owó ìrìn-àjò rẹ, ọwọ́ rẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ wà. Bí ọ̀rọ̀ bá le, lẹ́tà kan látọ̀dọ̀ rẹ̀ sí àjọ tó láti gbé ọ kúrò. Ohun tí mo ń béèrè lọ́wọ́ àwọn ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ìpínlẹ̀ wa ni kí ẹ̀dà ìròyìn ọ́dítọ̀ abẹ́lé máa lọ sọ́dọ̀ Ọ́dítọ̀ Àgbà fún ìjọba ìbílẹ̀ ní gbogbo oṣù mẹ́ta láìgba àṣẹ alága, kí ẹnikẹ́ni má sì lè gbé ọ́dítọ̀ kúrò ní káńsù láìjẹ́ pé Ọ́dítọ̀ Àgbà náà fọwọ́ sí i. Kò ná wọn ní kọ́bọ̀. Títí wọn óò fi ṣe é, a óò máa fi àwọn ọ̀dọ́ bíi tìrẹ síwájú ìbọn.

* * *

Ẹ jẹ́ kí n yà díẹ̀ sórí ewu, nítorí gbogbo wa ń sọ̀rọ̀ bíi pé olè nìkan ni ewu káńsù.

Ìtọ́jú gọ́tà wà lára ohun tí ìwé òfin fi sí ọwọ́ ìjọba ìbílẹ̀. Ẹni tó bá gbé Ìbàdàn ní 31 Oṣù Kẹjọ 1980 mọ ohun tí odò Ògùnpa ṣe nígbà tó kún. Ní 26 Oṣù Kẹjọ 2011 omi tún dé, ó kó ènìyàn, ilé àti afárá lọ. Káńsù tó ń gba owó ìsọ̀ lọ́wọ́ àwọn tó kọ́ ṣọ́ọ̀bù sórí gọ́tà ń kó owó pẹ̀lú ọwọ́ ọ̀tún, ó ń fi ọwọ́ òsì pe ikú. Ó yẹ kí ọ́dítọ̀ kọ ìyẹn sílẹ̀. Mo ti kọ ọ́ rí, ẹnìkan sì bi mí pé kí ló kan ọ́dítì nínú gọ́tà. Ó kàn án. Bí ọjà bá wọ́ lọ, owó ọjà náà lọ, káńsù ló sì máa wá owó ìrànwọ́.

Iná náà ńkọ́? Ní Oṣù Kẹwàá 2020, lásìkò rògbòdìyàn tó tẹ̀lé ìwọ́de EndSARS, wọ́n dáná sun àwọn sẹkitéríà káńsù kan ní ìpínlẹ̀ Èkó. Bó bá jẹ́ tìrẹ ni, ẹ̀dà ìwé rẹ wà níbòmíràn bí? Fóònù lásán lè ya àwòrán ìwé ńlá rẹ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀.

Ìwé ewu, ìyẹn ìwé tí a ń to àwọn ewu káńsù sí, kò gba ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ní hòtẹ́ẹ̀lì. Kọ ohun tó lè bàjẹ́, ẹni tó yẹ kó máa ṣọ́ ọ, àmì tí a óò kọ́kọ́ rí bó bá ń bàjẹ́, àti ohun tí a ti ṣe sí i. Ojú ìwé méjì tó. Fi ìgbà tí sáà alága bá ń parí síbẹ̀, nítorí oṣù mélòó kan tó ṣáájú rẹ̀ ni iṣẹ́ àṣeparí máa ń pọ̀ lórí ìwé, tí ọkọ̀ àti jẹnẹrétọ̀ sì máa ń sọnù. Lọ ka gbogbo ohun ìní káńsù kí ọjọ́ náà tó dé, kí o ya àwòrán wọn pẹ̀lú nọ́ḿbà tó wà lára ẹ́ńjìnnì.

* * *

Ó tún kù kan. Ẹni tó béèrè fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí mi pé òkìtì fọ́ṣà kan wà lórí tábìlì òun báyìí, ti oṣù mẹ́rin kí òun tó dé, wọ́n sì ní kí òun “bá wọn parí ẹ̀.”

Àwọn yẹn kì í ṣe tìrẹ rárá. Ka iye wọn pẹ̀lú ẹni tó kó wọn wá, kí ẹ jọ fọwọ́ sí ìwé ìkà náà. Fi lẹ́tà ìgbénilọ rẹ mọ́ ọn, èyí tó fi ọjọ́ tí o dé hàn. Kọ ìwé sí HLA pé o bá fọ́ṣà báyìí báyìí tí a kò yẹ̀ wò, ti ọjọ́ báyìí sí ọjọ́ báyìí, pé o kò sí ní káńsù nígbà tí owó wọn jáde, àti pé o ń dá wọn padà sọ́dọ̀ trẹ́ṣúrà kí àwọn ọ́dítọ̀ ìta lè bá wọn níbẹ̀. Gba òǹtẹ̀ “a ti rí i gbà” lórí ẹ̀dà tìrẹ ní ọ́fíìsì HLA. Ṣe é kí ọ̀sẹ̀ yìí tó parí, nítorí bí òkìtì náà bá pẹ́ lórí tábìlì rẹ, wọ́n á ní ọ̀dọ̀ rẹ ló ti há. Bí trẹ́ṣúrà bá kọ̀ láti gbà wọ́n, padà kọ ọ́ síbí kí n mọ ohun tó sọ.